Ohùn Òkè Lórí Fáwẹ̀lì

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ Ògìdì ní dò-rè-mí.
Mo mọ òfin rẹ̀ bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi:
orúkọ tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀
kì í gbé ohùn òkè sórí.
Ẹ wá a dé Kàbà, ẹ wá a dé Ìyàrá,
ẹ ò ní rí i.

Àfi ọjọ́ tí Bọ́dúnrìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìlọrin
pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ará Jàpáánì
àti ọmọ ọdún méje kan, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.
A kí wọn: Okun o! Okun o!
Kí lorúkọ rẹ?
"Áyà."
Mí, dò.
Ó jù ú sókè, ó jẹ́ kó já bọ́,
bí ẹni ju òkúta sódò.

Ìdí òfì dákẹ́. Ọ̀kọ̀ dúró láàárín òwú.
Ìyá Ìpínmorótì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín:
"Aya ta ni, ọmọ kékeré báyìí?"
Ẹnì kejì fọwọ́ lu àyà: "Àbí èyí?"
Ọmọ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí.

Ó ti ki ìka bọ ìkòkò aró, a ò rí i nígbà tó ṣe é.
Ó fà á sára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun, ilà lórí ilà.
Ìyá rẹ̀ fẹ́ pariwo, mo ní kó fi í sílẹ̀.
Bọ́dúnrìn ń túmọ̀: apá òsì, òwú nìyẹn.
Apá ọ̀tún ńkọ́?
Ó fajú ro, kò mọ̀ ọ́n dáadáa.
Lójú tèmi, ó jọ ẹni tó ń gun àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa,
tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Aṣọ lorúkọ náà. Sílíìkì,
tí òwú rẹ̀ kì í dábùú ara wọn tààrà bíi tiwa;
ìdagẹ̀rẹ̀ ló ń rìn, bí òjò tí afẹ́fẹ́ ń tì.
Ẹlòmíràn a jẹ́ ẹ, a kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, a di àwọ̀.
Ẹnu kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀.
Mo ní àwa ńkọ́? Lẹ́tà kan náà, ohùn ọ̀tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wa dá sí i.
Ọdún mọ́kànlá tí ọmọ rẹ̀ fi wà lọ́hùn-ún
kò sunkún rí. Aṣọ ló ń hun.
Lóru, mo gbọ́ ọ láti yàrá kejì
tó ń dán orúkọ náà wò nínú òkùnkùn:
aya … àyà … ayà …
Ahọ́n ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò gbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ sáré sí etí kànga.
"Háyà!"
Ọmọ dúró. Ó yíjú padà. Ó dáhùn.

Há ni tiwa, èyí tí ẹnu ń ké kí ọkàn tó mọ̀.
Ó fi gbé fáwẹ̀lì náà
bí a ṣe ń fi òṣùká gbé ẹrù.

Ìyá ọmọ fọwọ́ bo ẹnu.
Ó ní ìyá ìyá òun sọ fún òun rí
pé kó tó di aṣọ, kó tó di orúkọ ẹnikẹ́ni,
igbe ni, láyé àtijọ́,
tí wọ́n ń ké bí ohun ìyanu bá yọ sí wọn.
N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, iṣẹ́ olùkọ́ kò tán lára mi.

Wọ́n ti lọ báyìí.
Ọmọ náà hun ìwọ̀n ìka mẹ́rin lórí òfì ìyá bàbá rẹ̀.
Ó fo òwú, ó tún fo òwú,
àṣìṣe náà ń gun òkè ní ìdagẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ dé àárín.
Ìyá Ìpínmorótì ní ká tú u.
Ẹ̀gbọ́n mi ò dá a lóhùn. Ó ti ń ka òwú,
ó ń fo èyí, ó ń mú ìyẹn,
kí ilà kejì lè tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.